Kí Ló Ń Mú Kí Bándì Wọ Èrò Lára? Ohun Tó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Pe Olórin

RAYFIELD, JOS — Ẹ dé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú èyíkéyìí lẹ́yìn odi nígbà tí àjọ̀dún bá ku oṣù méjì, bándì lẹ máa bá tí wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn kan á ní kí wọ́n lọ gbé olórin láti ilé wá, àwọn kan á ní àwọn ọmọ tó wà nítòsí ti tó, akápò á sì di orí mú. Owó ńlá ni owó bándì. Síbẹ̀, orúkọ olórin àti iye tó ń gbà nìkan la máa ń bèèrè. A kì í bèèrè bóyá ó lè mú èrò dúró.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, mo wà níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ kan ní Rayfield níbí. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ olórin náà, torí a ṣì jọ ń rí ara wa. Ilé ni wọ́n ti gbé bándì wá, wọ́n sanwó ọkọ̀, wọ́n sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Sípíkà wọn ga jù mí lọ. Ṣùgbọ́n kí wákàtí kejì tó pé, ìdajì àga ti ṣófo. Àwọn àgbà Berom, àwọn onílẹ̀ tí ẹgbẹ́ fi káàdì pè tí wọ́n sì fi síbi tábìlì iwájú, ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Wọ́n bọ alága lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n lọ. Inú alága bàjẹ́ débi pé kò lè jẹ oúnjẹ iwájú rẹ̀. Ohun tó tìtorí ẹ̀ ná gbogbo owó yẹn ni pé kí àwa àtàwọn tó gbà wá sílé jọ ṣeré lójú kan náà.

Bándì yẹn mọ orin o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Onígìtá wọn mọ iṣẹ́, ohùn ọ̀gá wọn sì dùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú júbà, ó di ojú méjèèjì, ó ń kọrin lọ. Nígbà tó la ojú, ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń náwó níwájú rẹ̀ nìkan ló rí. Àwọn mẹ́ta yẹn ló ń kì, tó tún ń kì, títí tí gbogbo àwa yòókù fi di òǹwòran.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi àwọn onílù tí mo bá pàdé léèrè, tí mo sì ń fara balẹ̀ wo bándì tí mo bá lọ òde. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí.

Etí ọ̀gá olórin

Bándì tó máa wọ èrò lára gbọ́dọ̀ máa gbọ́ èrò, bí èrò ṣe ń gbọ́ òun náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ojú sì lè rí i.

Ẹ wo bí jùjú ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn gìtá kan wà tí wọ́n ń ta ohun kan náà lásọtúnsọ, akúbà, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dúró tì wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni ìpìlẹ̀, wọn kì í yẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ọ̀gá olórin, àwọn elégbè àti onígángan ti ń ṣeré wọn. Ọ̀gá á dá orin, elégbè á gbè é, ọ̀gá á yí gbólóhùn kan padà, elégbè á tún gbé e. Torí pé ìpìlẹ̀ ò dúró, ọ̀gá lè fa orin kan gùn fún ogún ìṣẹ́jú, ó sì lè gé e láàárín ìṣẹ́jú méjì kó bọ́ sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ oníjó kọ́lẹ̀. Báwo ló ṣe máa mọ èyí tó yẹ? Ojú agbo ló máa wò. Tí àwọn ìyá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti wá jó, kò gbọdọ̀ yí orin padà lójú wọn. Tí gèlè bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú, tí wọ́n ń wo àga, ó ti tó àkókò kó gbé nǹkan mìíràn dé.

Ìdí nìyẹn tí ojú kan odindi àwo Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé láwọn ọdún 1970 fi lè máa lọ láìdúró, tí orin kan á bọ́ sínú èkejì. Bí wọ́n ṣe ń lù ú lóde ni wọ́n gbé e sínú àwo. Ẹni tó bá wá gba àwo náà, tó há a sórí, tó sì wá tú u sílẹ̀ fún wa lóde láì wo ojú ẹnikẹ́ni, ti yí i sódì.

Onígángan ni ojú kejì ọ̀gá olórin. Gángan kò sí nínú jùjú látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Tunde King ń ṣe tirẹ̀ ní Èkó láwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ ẹni mélòó kan ni, pẹ̀lú ohun èlò tí ọwọ́ lè gbé. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọlé, àsìkò yẹn náà ni ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè dé, tí gìtá fi lè bá ìlù tó pọ̀ jà láìsọnù. Láti ìgbà yẹn, ìlù ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ tààrà láàárín orin. Ẹ wo onígángan tó mọṣẹ́: kì í wo ìlù rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Bí ẹnì kan bá ṣe ń wọlé bọ̀, ó ti ń pè é. Ẹni tí wọ́n fi ìlù pè lórúkọ bàbá rẹ̀ kì í jókòó mọ́.

Èmi tí mò ń tajà mọ èyí dáadáa. Oníbàárà tí o ò wo ojú ẹ̀, bó ti wù kí ọjà ẹ dára tó, á kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Fẹlá gbé tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní Afrika Shrine, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni alẹ́ yabis. Á dá orin dúró, á máa bá èrò sọ̀rọ̀, á bú ìjọba, á fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, èrò náà á sì máa dá a lóhùn. Orin tó bá sì ti gbé jáde sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ mọ́ níbẹ̀. Tuntun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lé lórí ni wọ́n máa gbọ́, nígbà míì ó lè pé oṣù púpọ̀ kó tó di àwo. Ní tèmi o, mi ò lè gba ẹgbẹ́ wa nímọ̀ràn pé kí wọ́n pe olórin tí kò ní kọ orin táwọn èèyàn mọ̀. Ìyá tó ra aṣọ ẹbí fẹ́ gbọ́ ohun tó lè gbè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Fẹlá rí: ẹni tó bá wá sí Shrine lálẹ́ ọjọ́ náà gbọ́ nǹkan tí kò sí nílé ẹnikẹ́ni. Bándì tó bá fi ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ níbi òde yín lónìí sínú orin rẹ̀, kódà kó jẹ́ gbólóhùn kan nípa bí ọkọ̀ alága ṣe há sójú ọ̀nà, ti ṣe irú ẹ̀.

Èrò tí kò gbọ́ Yorùbá

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwa ará ẹ̀yìn odi ti yàtọ̀ nìyí. Nílé, onígángan á sọ gbólóhùn kan, gbogbo agbo á bú sẹ́rìn-ín. Ní Jos, ìdajì agbo ò gbọ́. Berom wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tiwa pàápàá tí wọ́n bí síbí, Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré ní àdúgbò. Tó bá jẹ́ oríkì nìkan ni bándì ní lápò, a jẹ́ pé àwa kan ló ń bá sọ̀rọ̀, tó sì kọ ẹ̀yìn sáwọn yòókù.

Kì í ṣe ìṣòro tuntun, àwọn tó ṣáájú sì ti rí ojútùú sí i. I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i ní 1930, torí pé iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe fún ilé iṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀. Ọmọ ẹni tó rìnrìn àjò lọ ṣiṣẹ́ ni, bíi tiwa. Ó dá Morning Star sílẹ̀ ní 1957, èyí tó padà di Blue Spots, ó mú kọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, nígbà tó sì di 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE. Yàtọ̀ sí Yorùbá oríṣiríṣi ẹ̀ka, ó kọ orin ní Ẹ̀dó, ní Ùròbò, ní Ìṣẹkírì, ó sì kọ ọ́ ní Hausa. Kò pọn dandan kó gbọ́ èdè wọ̀nyẹn tán. Tí àlejò bá gbọ́ gbólóhùn méjì lédè tirẹ̀ lẹ́nu olórin, ó ti mọ̀ pé wọ́n rí òun.

Sunny Adé lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ilé iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music jáde fún un ní 1982, ó sì gbé nǹkan bí ogún èèyàn lọ káàkiri Amẹ́ríkà ní 1983, níwájú èrò tí kò gbọ́ ju "Sunny" lọ nínú gbogbo ohun tó ń sọ. Wọ́n jó. Synchro System, àwo rẹ̀ ọdún náà, wọ orúkọ àwọn tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò fún àmì ẹ̀yẹ Grammy. Kí ló gbé e wọlé sí wọn lára? Kò sọ jùjú di rọ́ọ̀kì. Ó jẹ́ kí wọ́n fi ojú rí ìlù. Onígángan á jáde síwájú, á ta ẹnu ìlù, òmíràn á dá a lóhùn, ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ á rí i pé àwọn méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Demola Adepoju wà lórí gìtá onírin tó ń dún bí ẹni ń hu, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ látinú orin kọ́ńtírì tiwọn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń jó jẹ́jẹ́, àwọn elégbè ń gbé ẹsẹ̀ bákan náà, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu wọn.

Ẹ rántí pé orin fújì tí Síkírù Àyìndé Barrister sọ di ńlá, inú wéré ló ti wá, ìyẹn orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù àwẹ̀. Kò sí gìtá kankan níbẹ̀. Orin tí iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ láti gbé ẹni tó ń sùn dìde lórí ibùsùn, ṣé ẹni tó jókòó lórí àga ló máa wá ṣòro fún?

Ní Jos níbí, mo ti rí onígìtá kan tó kàn sọ pé "Sannunku da zuwa" sínú máìkì, tó sì dúró de ìdáhùn kó tó ta okùn. Ìdáhùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà á.

Wákàtí mẹ́rin péré

Nílé, òde lè bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ilẹ̀ sì mọ́ bá a. Jùjú mọ irú àkókò bẹ́ẹ̀ lò. Bándì á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á júbà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀gànjọ́ ó ti dé góńgó.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn rògbòdìyàn 2001, 2008 àti 2010, ọ̀pọ̀ nínú wa ti kó òde wa sí ọ̀sán. Aago méjì sí mẹ́fà, kí kálukú tó wá ọ̀nà ilé. Bándì tó bá wá fi wákàtí kan júbà ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin, ohun tó fara jọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ ní Rayfield. Ẹ sọ fún olórin kó tó kúrò nílé pé wákàtí mẹ́rin ló ní. Kó júbà ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó gbé orin tí gbogbo ayé mọ̀ ṣáájú, kí oúnjẹ tó dé, torí tí oúnjẹ bá ti dé, bó jẹ́ Sunny fúnra rẹ̀, àmàlà ló máa borí fún ogún ìṣẹ́jú.

Shina Peters mọ nípa eré sísá. Nígbà tó gbé Ace jáde ní 1989, ó ti mú ìlù jùjú yára, ó ti fi Afrobeat àti ìlù fújì lú u, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń pe jùjú ní orin bàbá wọn sì sáré padà. Àwọn àgbà ráhùn pé ó ti yára jù. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún òde ọ̀sán, tí àwọn ọmọ pọ̀ nínú èrò, irú ìlù yẹn kì í jẹ́ kí àkókò ṣòfò.

Ọyẹ́, sípíkà àti jẹnẹrétọ̀

Jos ga ju mítà 1,200 lọ sí ojú òkun, oṣù Kejìlá tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe àjọ̀dún sì ni ọyẹ́ ń jà jù. Bándì tó ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá kì í mọ̀. Awọ ìlù á gbẹ, á le, ohùn gángan á ga sókè, awọ mìíràn á tilẹ̀ ya. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, òdì kejì ni, awọ á rọ̀, ìlù á máa sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ehín ń dùn, wọ́n á máa wá oòrùn tàbí iná tí wọ́n máa ya á sí. Okùn gìtá náà á yí ohùn padà láàárín ìta tó tutù àti inú gbọ̀ngàn tó kún fún èèyàn. Kí bándì dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n gbé ìlù àti gìtá wọ gbọ̀ngàn ní wákàtí bíi méjì ṣáájú kí ara wọn tó mọ́ ibẹ̀, kí onígángan sì mú ìlù kejì dání.

Ti sípíkà, ọ̀rọ̀ kúkurú ni. Ariwo kọ́ ni adùn. Gbọ̀ngàn wa púpọ̀ ní ògiri sìmẹ́ńtì àti páànù lókè, ohùn ń ta padà níbẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá gbé e sókè jù, ọ̀rọ̀ orin á dàrú, àwọn tó wà níwájú á máa fi ọwọ́ di etí, kò sì sí ẹni tí á lè kí ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan lọ dúró lẹ́yìn pátápátá: tó bá gbọ́ ohun tí olórin ń sọ, ó ti tó. Kí máìkì má dojú kọ sípíkà, ibẹ̀ ni súfèé burúkú yẹn ti ń wá. Kí àwọn olórin ní sípíkà kékeré tó kọjú sí àwọn fúnra wọn, torí onílù tí kò gbọ́ onígìtá kò lè tẹ̀lé e. Jẹnẹrétọ̀ kejì ńkọ́? Mi ò rò pé ó yẹ kí n tún sọ ìyẹn fún ọmọ Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ owó fífọ́n

Láyé àtijọ́, owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin ni òṣùwọ̀n bí òde ṣe dùn tó. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń gbé èèyàn dìde lórí àga, ó sì ń sọ fún ọ̀gá olórin ẹni tó yẹ kó yíjú sí. Ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń ba òde jẹ́, torí bándì á lẹ̀ mọ́ olówó mẹ́ta, á gbàgbé igba èèyàn.

Ní báyìí, òfin ti wọ̀ ọ́. Ìpín 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka owó náírà fífọ́n àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ojú ìwé lásán ni títí di 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ rán òṣèré sinimá kan àti Bobrisky lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fún òṣèré náà láyè láti san owó ìtanràn dípò ẹ̀. Àwa tá a wà lẹ́yìn odi la ò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré rárá. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń gbé àpótí síwájú bándì, ẹni tó bá jó dé ibẹ̀ á ju àpò ìwé sínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó jẹ́ kí ìyá tó ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lè jó dé iwájú láìtijú, olórin ò sì mọ iye tó wà nínú àpò ìwé ẹnikẹ́ni, á wá di dandan fún un láti kí gbogbo ènìyàn.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ má fi fídíò yan bándì. Nínú fídíò, kámẹ́rà á máa wo olórin, ẹ ò sì ní rí èrò. Ẹ rán ẹni méjì lọ síbi òde ẹlòmíràn tí wọ́n ti ń ṣeré, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí bándì, kí wọ́n máa wo àwọn tó jókòó. Ẹ bèèrè bóyá onígángan tí wọ́n rí níbẹ̀ náà ló ń bọ̀ wá bá yín, torí àwọn kan máa ń kó ọmọ tuntun wá sí òde tó jìnnà. Ẹ fún un ní orúkọ àwọn àlejò yín ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì pe orúkọ Berom sí i létí títí tí á fi mọ̀ ọ́n pè. Orúkọ tí wọ́n pè sódì burú ju èyí tí wọn ò pè lọ.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ní kí ẹ pe olórin hipọ́ọ̀pù, ẹ má fojú di wọn. Jos yìí ni wọ́n bí 2Baba sí, ibí ni P-Square ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni M.I àti Ice Prince ti dàgbà. Ijó tí ìbejì P-Square jó pọ̀ ló sọ wọ́n di ẹni tí èèyàn ń fẹ́ fi ojú rí, yàtọ̀ sí orin. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí èèyàn gba owó ńlá, kó wá fi orin tí ẹ̀rọ ti kọ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kó máa la ẹnu lé e lórí. Ẹ̀rọ ò lè dúró de ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ kò gbé bándì láti ilé wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Jos ni wọ́n pè, ẹni mẹ́jọ péré. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí síbí, tó gbọ́ Hausa bí omi, tó sì mọ ìkíni Berom. Ohùn rẹ̀ ò tó ti ẹni àkọ́kọ́, gìtá wọn kan sì kú láàárín eré. Nígbà tí gìtá kú, ó ní kí gbogbo èrò máa pàtẹ́wọ́ títí wọ́n fi tún wáyà ṣe, onígángan sì rìn wọ àárín tábìlì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Berom tí wọ́n ti dìde lọ lọ́dún tó ṣáájú na ọwọ́ sí i, ó gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lu ìlù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú kí alága tó rí i lé kúrò lójú agbo.